Iná Funfun tí Regi Fi Wá Tọrọ Ìyàwó

Ọkùnrin tó bá ń fi gílóòbù ọkọ̀ yin ojú obìnrin, ó yẹ kí obìnrin náà ti mọ irú ẹni tó jẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Imas Rohayati kò mọ̀. Nígbà tí Regi Suhendar dì í lọ́wọ́ mú létí oko tíì, tó ní ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ọkàn ọmọbìnrin náà fò sókè bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí àgò fún. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ó rò pé iye ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé nọ́ńbà ara páálí gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ ni, èyí tó ń sọ bí iná náà ṣe funfun tó, funfun tó ti fẹ́ máa di búlúù.

Ṣùgbọ́n ta ni kò ní ṣubú? Regi ga, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn àárọ̀ lórí òkè Pangalengan. Ní ìlú Bandung nísàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì adójútòfò, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ kan náà, ọkọ̀ ẹlẹ́bí tí ìyá, bàbá, ọmọ àti ẹrù ń wọ̀. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà gun òkè wá ṣeré ni màlúù bàbá Imas dí wọn lọ́nà. Àwọn yòókù ń fun fèrè. Regi nìkan ló sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kí bàbá, ó dúró títí màlúù tó gbẹ̀yìn fi kọjá. Imas tó ń to agolo wàrà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rí i, agolo kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti sá lójú rẹ̀.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ ti dé orí ìtọrọ. Ẹbí Regi máa gbé ẹrù gòkè wá lọ́jọ́ Sátidé, alágbàsọ wọn máa sọ̀rọ̀, wọ́n á wá bi Imas lójú gbogbo ènìyàn bóyá ó gbà. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dáhùn, kò sẹ́ni tó lè bá a dáhùn. Ó ti ń kọ́ ìdáhùn náà níwájú dígí: á tẹrí ba, á jẹ́ kí ẹ̀rín díẹ̀ yọ, á ní, “Mo gbà.” Ó ti sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dá orin náà dúró, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ tí Regi mú un lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi gílóòbù wéra.

Inú ọgbà ilé ìkẹ́rùsí kan ni ẹgbẹ́ wọn ti máa ń ṣe é lọ́dọọdún, kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, nígbà tí oníkálukú ń múra láti wa ọkọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Ògiri ibẹ̀ funfun. Wọ́n á gbé ọkọ̀ kan dojú kọ ọ́, wọ́n á lẹ tépù mọ́lẹ̀ kí táyà má baà sún, wọ́n á wá máa pààrọ̀ gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ní ó lè jù ú lọ, èyí tí fáànù kékeré ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá fọ ògiri funfun jù ló gbégbá orókè. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin tó níyàwó, tó lọ́mọ, dúró gbagidi wọ́n ń wo ògiri. Àǹkù ni wọ́n ń pe ara wọn. Èyí tí kò tíì hu irùngbọ̀n, Àǹkù. Èyí tí orí rẹ̀ ti pá, Àǹkù. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn á rò pé ẹbí kan ni wọ́n.

Regi mú ọ̀pá kékeré kan dání, ó ń nà án sí ògiri bíi tíṣà. Nígbà tí wọ́n tan gílóòbù tó bá ọkọ̀ wá, tó pọ́n díẹ̀ bí epo gbígbóná, ó yínmú sí i. Ó ní iná tí wọ́n fi ń wá ajá tó sọ nù nìyẹn. Gbogbo Àǹkù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tan ti onífáànù, wọ́n mí kanlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú ìyàwó. Iná náà tàn sí ògiri, ó tàn sí òrùlé, ó tàn sórí igi, ó sì tàn sójú ọkùnrin tó ń ta bákísò, ọbẹ̀ ẹran rógódó, lódìkejì ọ̀nà. Ọkùnrin náà fi ọmọrí ìkòkò bojú, ó dúró díẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí Àǹkù kankan tó rí i.

Bàbá Odang, àbúrò ìyá Regi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n bi í léèrè gílóòbù tó lò. Ó ní èyí tó bá ọkọ̀ wá ni, ó ṣì ń tàn. Regi gbá ọkọ̀ náà lórí.

“Àǹkù Odang,” ó ní, “ẹ̀yin àti gílóòbù yín, ta ló máa kọ́kọ́ kú?”

Ẹ̀rín bú. Odang náà rín in, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń bo ojú. Imas rẹ́rìn-ín nítorí pé Regi wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ẹyin láìmu omi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa gbé ohun tó le ju ìyẹn lọ mì. Ó gbé e mì.

Nígbà tí Sátidé ku ọ̀la, Regi pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, àfi ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ó ti fi gílóòbù tó gbégbá orókè sí ọkọ̀ márààrún tó máa gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá. Wọ́n máa yọ ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn ní ìlà kan, iná wọn á funfun báláú, ọ̀kan nínú àwọn Àǹkù á ti ṣáájú láti yà wọ́n ní fídíò. Ọkọ̀ Bàbá Odang ló kù tí kò gba gílóòbù náà, nítorí náà ó máa wà lẹ́yìn pátápátá, á sì pa iná rẹ̀ kó má baà fi pupa ba àwòrán jẹ́. Imas béèrè ìyá Regi, Màmá Tarsih. Regi ní màmá á jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí ló tún kù?

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún. Wọ́n tẹ́ ẹní dé ẹnu ọ̀nà, ìrẹsì ti jinná nínú ìkòkò ńlá pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, adìyẹ ti wà lórí iná, ata ti wà nínú ọlọ. Imas wọ aṣọ léèsì àwọ̀ ewé, wọ́n kun ojú rẹ̀ títí àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Cicih, fi ní kó má sunkún o, pé owó ńlá ló wà lójú yẹn. Àsìkò tí wọ́n dá ni lẹ́yìn ìrun alásárì. Wọ́n kírun tán, wọ́n jókòó. Kùrukùru bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ láti orí oko tíì wá, bó ṣe máa ń ṣe lọ́pọ̀ ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Ó bo ẹ̀yìn màlúù, ó bo ọgbà, ó bo títì. Àlejò kò dé.

Imas pe Regi. Ó ní kò séwu, àwọn kàn ń rọra bọ̀ ni. Ó gbọ́ fèrè lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó gbọ́ ẹnìkan tó ń kígbe pé apá òsì, apá òsì. Fóònù bá dákẹ́, kò sì wọlé mọ́.

Ìrẹsì ń tutù. Àwọn àgbà ti ń wo aago láìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Àǹtí Cicih ní, “Ọkọ ìyàwó yìí, ṣé ọkọ̀ ló wọ̀ àbí ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀?”

Imas ní òun á lọ wò wọ́n. Bàbá rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó wakọ̀ mọ́, fajú ro. Ó ní ibo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn, kí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ máa jáde lọ kó àwọn atọrọ wálé? Wọ́n á ní ara ń kán an. Wọ́n á ní òun ló lọ tọrọ ọkọ. Imas kò bá a jiyàn. Ó kàn béèrè bóyá ẹnìkan wà nínú ilé tó ń gba kọ́nà náà nínú kùrukùru láràárọ̀ bí òun ṣe ń gbé wàrà gbà á. Bàbá ní kí Cicih tẹ̀ lé e, kó má baà dà bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan.

Wọ́n gbéra. Imas ká aṣọ léèsì rẹ̀ dé orúnkún, ó tan iná píkọ́ọ̀pù. Iná náà pupa rúsúrúsú. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lókè níbẹ̀ ló ń lo irú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ sí ìlà funfun etí títì, ó mọ́lẹ̀ sí orí igi tíì tó sún mọ́ ọ̀nà, ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkàn Imas ti wà lọ́dọ̀ Regi. Ó ń rò ó nínú kòtò, ó ń rò ó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń rò ó tó na ọwọ́ sí i bí ọkùnrin inú ìwé. Bó bá jẹ́ pé kòtò ni, ó mọ̀ pé òun á bẹ́ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń wọn ewé tíì, kùrukùru iwájú wọn di funfun lójijì. Ó funfun bí aṣọ ìbora tí wọ́n ta sórí okùn, ó dúró gbọnyin, ó dí ọ̀nà láti etí kan dé èkejì. Imas tẹ bíréèkì.

Ènìyàn kan jáde láti inú funfun náà.

Obìnrin ni. Ó wọ aṣọ léèsì funfun, ó so ìborùn funfun, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó fi agboòrùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ń gún etí títì bí afọ́jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n nítorí ẹrẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀, ó ń wẹ̀yìn, ó ń ju ọwọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ kan ń rákò, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tẹ̀ lé ìyẹn.

“Màmá Tarsih,” Imas ní. Ó ti bọ́ sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun bọ́ sílẹ̀. “Ẹ kú ìrìn o, mà. Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?”

Ìyá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní ẹ wo bí ìyàwó wa ṣe lẹ́wà. Ó wá ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé ohun tó tọ́. Ó ní iná náà kàn ń dá padà sójú ẹni tó ń wakọ̀ ni, wọn ò rí ọ̀nà. Regi wá ní kí ẹnìkan sọ̀kalẹ̀ kó máa ṣáájú.

“Èmi ló yàn,” ó ní, “torí aṣọ mi ló funfun jù. Ó ní iná máa gbé e yọ dáadáa.”

Àǹtí Cicih ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́.”

“Ẹ má bínú sí i. Òun ló ń wakọ̀, kò ṣeé ṣe kó sọ̀kalẹ̀.”

Imas béèrè Bàbá Odang. Màmá Tarsih wolẹ̀. Ó ní Odang ń rí ọ̀nà ní tirẹ̀, ó tan iná rẹ̀ díẹ̀, ó rí i. Ó bẹ Regi pé kó jẹ́ kí òun lọ síwájú. Regi ní bí àwọn Àǹkù bá rí i pé ọkọ̀ àtijọ́ oníná pupa ló kó ẹgbẹ́ gòkè, ṣé kí òun wá fi ipò alága sílẹ̀ ni? Ó ní kí Odang padà sẹ́yìn, kó sì paná.

Ohun kan tutù nínú àyà Imas. Kò yára, kò pariwo. Ó tutù bí wàrà tí wọ́n gbé kúrò lórí iná. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Regi yí gíláàsì sílẹ̀. Ó mà dáa lójú o, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bàtíìkì tuntun, irun rẹ̀ ń dán, ooru ọkọ̀ sì jáde sí Imas lójú pẹ̀lú lọ́fínńdà. Lẹ́yìn rẹ̀, Àǹkù méjì kan jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya ìyá alága ní fídíò.

“Ìwọ kẹ̀,” Regi ní, ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀. “Ta ló ní kó o jáde? Lọ padà sílé, a ti dé tán. Ìwọ náà rí bí iná yẹn ṣe funfun tó, àbí?”

“Ta ló ní kí ìyá ẹ máa rìn nílẹ̀?”

“Màmá? Wọ́n fẹ́ràn ìrìn. Dókítà gan-an ló ní kí wọ́n máa rìn.”

Imas wò ó. Ó ń wá ọkùnrin tó dúró de màlúù lójú rẹ̀. Ojú náà mọ́, ó dán, kò sí ẹnìkankan níbẹ̀.

Ó padà, ó di Màmá Tarsih mú lápá, ó gbé e sínú píkọ́ọ̀pù láàárín òun àti Àǹtí Cicih, ó bọ́ ìborùn ara rẹ̀ ó fi wé ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó yí ọkọ̀ padà níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, ó ṣáájú wọn. Regi tẹ̀ lé e tìtìjútìtìjú, ṣùgbọ́n kò paná. Iná funfun náà ń kọ mànà nínú dígí títí Imas fi yí dígí sísàlẹ̀. Àǹtí Cicih ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa àwọn kan tí ìyá wọn bí lórí àṣìṣe. Nígbà tó rántí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ilé, tí kùrukùru ti fúyẹ́, tí àtùpà ìloro ti hàn, Regi fun fèrè kíkankíkan, ó yà, ó sáré kọjá lára wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n tò, wọ́n yọ, wọ́n funfun, fídíò sì yà wọ́n. Ẹni tó bá wo fídíò náà lónìí á rí ọkọ̀ márùn-ún tó dé bí ọba. Kò ní rí píkọ́ọ̀pù wàrà.

Nínú ilé, wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó. Alágbàsọ wọn, Àǹkù olórí pípá kan, sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó tọrọ àforíjì pé àwọn pẹ́, ó ní kùrukùru pọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìfẹ́ ló ṣáájú àwọn. Regi fi tirẹ̀ kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní kí wọ́n má gbàgbé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà o, pé bó bá jẹ́ irú iná pupa tí àwọn ará òkè ń lò ni, àwọn ì bá ṣì wà lọ́nà títí di báyìí. Àwọn Àǹkù pàtẹ́wọ́. Bàbá Odang, tó jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màmá Tarsih ti ká ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ kí ẹrẹ̀ má baà hàn.

Bàbá Imas yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ̀rọ̀, ó sì ti gbọ́. Kí ni ìdáhùn rẹ̀?

Gbogbo ilé yí ọrùn. Imas tẹrí ba bó ṣe kọ́ ọ níwájú dígí. Orin tó ń kọ láti oṣù yìí wá dé ètè rẹ̀, ó dúró níbẹ̀, kò jáde. Ó gbórí sókè.

“Màmá Tarsih, ẹ má bínú sí mi,” ó ní. “Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó lè fi ìyá rẹ̀ ṣe iná iwájú, ọjọ́ wo ló máa fi èmi ṣe táyà?”

Regi rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn Àǹkù kí wọ́n bá a rín in. Èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ń wo fóònù. Regi ní ṣé torí kùrukùru ni? Ó ní gílóòbù tó gbégbá orókè ni o, ìwọ náà wà níbẹ̀, o rí ògiri. Ọkùnrin náà ń pàdánù ìyàwó, gílóòbù ló ń gbèjà. Ó ní ó lè jẹ́ pé àwọn kò yí i dáadáa nínú ihò rẹ̀, pé tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, iná á balẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ́. Nígbà tó rí i pé kò wọlé, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ wá dà bí ti ọmọdé.

“Màmá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí.”

Ìyá náà ti gbèjà rẹ̀ lójú títì. Ó ti gbèjà rẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa gbèjà rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákò. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde lábẹ́ aṣọ, sórí ẹní mímọ́ níwájú gbogbo àlejò, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Regi,” ó ní.

Bàbá Imas ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, pé ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn kò ní lọ láìjẹun. Imas dìde. Nígbà tó dé ilé ìdáná, omijé dé, ó sì wẹ gbogbo owó ńlá tó wà lójú rẹ̀ lọ, torí ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń nù kúrò bí àtíkè. Ó ṣì fẹ́ràn ẹni tó dúró de màlúù. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí ẹni náà wà, ó sì dá a lójú pé Regi náà kò mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Cicih dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ni òun lè ṣe. Imas fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

“Ẹ bá mi gbé bàsíà yẹn,” ó ní. Ó da omi gbígbóná sínú rẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i, ó ti ìka bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ àgbà lè gbà á.